Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Àgbà Lọ Gbà Padà

Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti kú, mi ò rí ẹni tí mo lè bi ní ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn yìí mọ́: ṣé bí ọmọ ṣe ń mí nìyí? Mórẹ́nikẹ́, ọmọ mi, ń sùn níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń mí lemọ́lemọ́, ó dákẹ́ díẹ̀, mo ju kálámù sílẹ̀, mo gbé ìka sábẹ́ imú ẹ̀. Ó tún mí. Ó kùn hùn-ùn, ó ká ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí ohun tí mi ò rí, ó ń bá oorun ẹ̀ lọ. Èmi ni mi ò rí oorun sùn. Bí Ìyá Àgbà bá wà láyé, mo mọ ohun tí wọn ì bá wí. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ń sùn, ìwọ ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Kí ló jí?"

Mi ò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti ṣe é nínú ìwé tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú. Ọjọ́ ìbí tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ìyá oníwà tútù ni wọ́n. Oníwà tútù kẹ̀? Ìyá wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́rìn-ín níbi òkú. Ìjà ni Ìyá Àgbà ń fi ṣe ata ọbẹ̀. Àwọn ló bí ìyá mi. Ìyá mi kú nígbà tí mi ò tíì lè dá irun ara mi yà, àwọn náà ló gbà mí tọ́ ní Akaka Rẹ́mọ, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ nípa wọn kọjá ohun tó lè gba inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Rẹ́mọ pọ́nńbélé ni wọ́n ń sọ títí tí wọ́n fi lọ. Mo kọ ọ́ síbí lọ́nà tí yóò fi yé gbogbo wa.

Obì gbàǹja ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tún wà tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lé lórí, ìyẹn ni ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tó bímọ ní àdúgbò wa tí kì í ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun wọn, wọ́n á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú bó o, wọ́n á fi àdín ra á lára, wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀. Ọmọ á ké, á ké, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ká ìró sí mẹ́rin, wọ́n á tẹ́ ọmọ lé e, wọ́n á dojú ẹ̀ dé, wọ́n á sì gbá a ní ìdí pẹ́pẹ́. Ọmọ á sùn lọ bí òkúta. Gbogbo ìyá ọmọ tó wà ní Akaka ló gba ẹ̀kọ́ yẹn lẹ́nu wọn: "Dojú ẹ̀ dé. Ọmọ tó bá kọ ẹ̀yìn sókè ló ń gbádùn oorun."

Nígbà tí mo bí Mórẹ́nikẹ́ ní Mákun, ní Ṣágámù tí mo ń gbé, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n di àpẹ̀rẹ̀ obì kan mọ́ ọn, wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ. Bàbá ọmọ ń wa típà, ó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ń ránṣọ nínú pálọ̀. Ìyá Àgbà á jókòó sílẹ̀, wọ́n á tú obì sórí àpò, wọ́n á máa ṣà á, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀, èyí tó dáa lọ́tọ̀, wọ́n á tún fi ewé bò ó. Níbi tí wọ́n ti ń ṣa obì yẹn ni gbogbo àwọn tó ní ìmọ̀ràn ti ń bá wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí. Bí èèyàn bá ti bímọ, gbogbo ayé di dókítà.

Ìyá Ìbejì tó ń gbé yàrá kejì ló burú jù. Ó ní ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ọ̀run ló ń bá ṣeré, kí n yáa ki abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀. Ó ní kí n fún un ní ògì tó ki dáadáa kó lè sùn mọ́jú. Ọmọ tí kò tíì lè gbé ọrùn! Gbogbo rẹ̀ ni mo ń gbọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀ mí lára, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Ìyá Àgbà ò ní gbójú sókè. Wọ́n á yẹ obì kan wò, wọ́n á ní, "Ojú ta ni?"

Ìyá Ìbejì á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá?"

"Mo ní ojú ta ló ṣe? Ìwọ lo rí i, àbí wọ́n sọ fún ẹ? Ta ló sọ fún ẹ? Ta ló sọ fún ẹni tó sọ fún ẹ?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń pin sí. Ọjọ́ kan ló wá gbé ṣírọ́ọ̀bù katá, oògùn olómi tó ń kunni lóorun, wá, ó ní ìbejì òun ló mu ún, wọ́n sì sùn dáadáa, ojú òun ni. Ìyá Àgbà gba ìgò náà, wọ́n gbé e sókè sí ojú oòrùn, wọ́n wò ó tìfura-tìfura. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbà á. Wọ́n dá a padà sí i lọ́wọ́. "Oorun tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó tà á ló mọ ìgbà tó máa tán. Gbé e lọ."

Èmi náà kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá gbé nígbà yẹn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Gbogbo ìgbà ni ọmọ ń jí. Ó mu ọyàn, ó sùn, mo ní kí n rán ìlà kan lórí aṣọ oníbàárà, ó jí. Ó ń sùn lọ́sàn-án bí ẹni mu ẹmu, tó bá di àṣálẹ́ ó la ojú kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlíṣàn ní ọmọ tòun kì í jí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló sì fi ju tèmi lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo ní nǹkan ń ṣe ọmọ mi. Ìyá Àgbà mú obì kékeré kan, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Bí ikùn ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Ohun tó wọ ibẹ̀, ìgbà wo ló máa pẹ́ kó tó tán? Bí kò bá jí, ta ló máa fún un lọ́yàn? Ìwọ náà ò tíì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru nígbà tí wọ́n bí ẹ. Inú òkùnkùn ló ti ń bọ̀, fi ara balẹ̀, ó máa kọ́ ọ."

Mo ní, "Ti ọ̀rẹ́ mi ń sùn mọ́jú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ọmọ òun ń sùn mọ́jú, bi ọkọ ẹ̀."

Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn ni pé fún ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. A lọ sí ọsibítù kékeré tó wà ládùúgbò wa, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọdé bi mí pé báwo ni ọmọ ṣe ń sùn. Kí n tó lanu, Ìyá Àgbà ti dáhùn. Wọ́n fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń ká ìró, bí wọ́n ṣe ń dojú ọmọ dé. Nọ́ọ̀sì náà pariwo lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Háà, Màmá! Ẹ má dán irú ẹ̀ wò mọ́ o! Ẹ fẹ́ pa ọmọ ni?"

Ìyá Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ, ọmọ mélòó lo ti bí?"

Àwọn ìyá ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, ojú sì ti ọmọbìnrin náà. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa lọ sílé, Ìyá Àgbà na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́nu, "Ọwọ́ mi mọ́. Ọwọ́ mi mọ́."

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ gbólóhùn yẹn nìyẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Akaka, obìnrin kan wà tí ilé ẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ń fọ epo pupa, Ìyá Elépo là ń pè wọ́n. Epo wọn ni gbogbo abúlé ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí epo wa bá tán, Ìyá Àgbà á fún mi ní ìgò, wọ́n á ní kí n lọ rà á ní Ìṣarà. Epo ń bẹ níwájú ilé, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ ra epo ní ìlú ẹlòmíràn! Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, àbúrò ìyá mi ló tú u fún mi. Nígbà tí Ìyá Elépo bí àkọ́bí wọn, ọmọkùnrin kan báyìí, Ìyá Àgbà ló wẹ̀ ẹ́. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dojú ẹ̀ dé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n lọ sídìí obì wọn. Ìyá ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ epo. Nígbà tó padà dé, ọmọ ti lọ. Kò sí àìsàn, kò sí ibà. Àwọn àgbà ní abikú ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ kan lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Mi ò mọ abikú. Ọwọ́ tó tẹ́ ẹ sùn ni mo mọ̀." Ìyá Àgbà fèsì pé ọwọ́ òun mọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ò kí ara wọn. Ìyá Elépo bímọ mìíràn, ṣùgbọ́n ìyá tiwọn láti Simawa ló wá wẹ̀ wọ́n.

Ẹ wá wo irú ipò tí mo wà. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ wẹ èmi náà, ń sọ pé kí n dojú ọmọ dé. Nọ́ọ̀sì ń sọ pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Mi ò lẹ́nu láti bá Ìyá Àgbà jà. Bí wọ́n bá lọ sí balùwẹ̀, mo yí ọmọ padà, mo fẹ̀yìn ẹ̀ lélẹ̀. Bí mo bá padà sídìí maṣíìnì, wọ́n yí i, wọ́n dojú ẹ̀ dé. Àwa méjèèjì ń yí ọmọ bí ẹni ń dín dòdò, ẹnì kankan ò sì sọ fún ẹnì kejì. Bí ó bá dojú bolẹ̀, ẹ̀rù á bà mí pé kò ní rí èémí. Bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ̀rù á bà mí pé wàrà á há a lọ́fun. Mo máa ń rán apá aṣọ sí ibi ọrùn. Oníbàárà kan ní ṣé àjẹ́ ló ń bá mi jà ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mo wà nídìí maṣíìnì, Ìyá Àgbà ń ṣa obì nínú yàrá tí ọmọ wà. Mo gbọ́ tí àpẹ̀rẹ̀ dà nù gbàràgàdà. Nígbà tí mo sáré wọlé, obì ti fọ́n ká gbogbo ilẹ̀, wọ́n sì gbé Mórẹ́nikẹ́ mọ́ àyà. Ojú ọmọ pọ́n kankan. Ó gba èémí kan, ó wá ké. Kò sí igbe tó dùn tó ìyẹn létí mi rí. Ìró tí wọ́n ká sábẹ́ ẹ̀ ló ti wú sókè, imú ẹ̀ wọ inú ẹ̀, wọ́n sì gbọ́ pé èémí ẹ̀ yí padà. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣa obì tó fọ́n ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò sọ pé ọwọ́ àwọn mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kì í ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́, kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ, mo rí i tí wọ́n wé gèlè. "Pọn ọmọ, a ń lọ síbì kan." Ọsibítù ni. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì bíi ti gbogbo èèyàn títí tó fi kàn wá. Nọ́ọ̀sì náà rí wa, ojú ẹ̀ le.

Ìyá Àgbà ní, "Lọ́jọ́sí, mo bi ẹ́ ní iye ọmọ tí o bí. Ìyẹn kọ́ ló yẹ kí n bi ẹ́. Ìdí ọ̀rọ̀ ló yẹ kí n bi ẹ́. Mo ti wá. Kí nìdí ẹ̀?"

Ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má bínú sí bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò yẹ kí n pariwo mọ́ yín." Ó na ìka méjì, ó gbé ọ̀kan lé orí èkejì. "Ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀fun. Èyí ni ọ̀nà èémí, èyí ni ọ̀nà oúnjẹ. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè. Bí wàrà bá padà wá, ìsàlẹ̀ ló máa ṣàn sí, kò ní tètè há a." Ó yí ọwọ́ ẹ̀ padà. "Bí a bá dojú ẹ̀ dé, ẹ rí i, ọ̀nà èémí ti bọ́ sábẹ́. Bí imú ẹ̀ bá tún wọ inú aṣọ, ọrùn ẹ̀ ò tíì lágbára láti gbé orí kúrò."

"Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sùn dáadáa bẹ́ẹ̀. Ojú mi ni."

"Òótọ́ ni, Màmá. Oorun tó wọra jù yẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù. Ọmọ kékeré tí kì í tètè jí, bí èémí bá ń wọ́n ọn, kò ní mọ̀ kó jí. Jíjí tó ń jí yẹn, ààbò ni fún un."

Èmi náà rí àyè, mo da gbogbo ẹ̀rù mi sílẹ̀. Mo ní ó máa ń mí yára, á tún dákẹ́ díẹ̀, ó máa ń kùn, ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí oorun ọmọ tuntun ṣe ń rí nìyẹn, èémí wọn kì í lọ déédéé. Ohun tó yẹ kó gbé mi sáré ni bí èémí ẹ̀ bá dá fún ìgbà pípẹ́, bí ètè ẹ̀ bá dúdú, bí mo bá jí i tí kò jí, bí ara ẹ̀ bá gbóná, tàbí tó bá kọ ọyàn. Ó ní kí ibùsùn ẹ̀ tẹ́jú, kó le díẹ̀, kí n má fi ìrọ̀rí sí i, kí n má kó aṣọ jọ yí i ká.

Mo rò pé ó ti tán, mo dìde. Ìyá Àgbà ò dìde. Wọ́n gbé ìka méjì tiwọn náà lé ara wọn, wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sísàlẹ̀. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Ọmọ kan tó dojú bolẹ̀, tó sùn, tí kò jí mọ́. Wọ́n ní abikú ni. Ṣé ohun tó pa á nìyí?"

Nọ́ọ̀sì náà gbá ọwọ́ wọn mú. "Màmá, mi ò lè purọ́ fún yín. Mi ò sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn ọmọ á lọ, dókítà pàápàá ò ní mọ ìdí ẹ̀. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè má jẹ́ òun."

"O ṣeun," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìwọ ò sọ ohun tí ojú ẹ ò rí."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sí Akaka. A gba ọ̀kadà láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n jókòó ẹ̀gbẹ́, èmi jókòó lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, àdúrà lẹ́nu mi nítorí kòtò. Ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti wẹ ọmọ rí, tí ọmọ kékeré tún wà níbẹ̀ báyìí, ni wọ́n yà sí. Wọ́n á na ìka méjì, wọ́n á ṣàlàyé, wọ́n á ní, "Mo wá gba ọ̀rọ̀ mi padà ni." Ẹ ronú sí i. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún nítorí iṣẹ́ kan, ń lọ láti ilé dé ilé láti sọ pé ohun tí òun fi kọ́ wọn, ó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn kan dúpẹ́. Àwọn kan wo ojú ara wọn, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń rò, pé ogbó ti dé. Ìyá kan ní, "Ìyá, gbogbo ọmọ mi lẹ wẹ̀, gbogbo wọn ló yè."

Wọ́n dá a lóhùn, "Ọ̀pọ̀ obì ló ń bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò. Ṣé nítorí ẹ̀ ni kí n máa fi kòkòrò sínú àpẹ̀rẹ̀?"

Ọlọ́kadà wa rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé ọ̀rọ̀ ṣeé gbà padà ni? Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ìyá Àgbà gbá a lẹ́yìn. "Bó bá fọ́, ṣé a ò ní gbálẹ̀ ni?"

Ilé Ìyá Elépo ni wọ́n fi parí. Wọn ò gba ọ̀kadà lọ síbẹ̀, iwájú ilé wa náà ni. Wọ́n ní kí n dúró. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ lọ́wọ́ mi, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá gba àárín ọ̀nà tí mi ò rí i kí wọ́n gbà rí láyé mi. Wọ́n wọlé. Ó pẹ́. Mo ń retí ariwo, mo ń retí èébú, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló tún ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tí wọ́n jáde, ìgò epo pupa wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí lẹ sọ fún wọn?" Wọ́n ní, "Fi se ọbẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn ni àárẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò pẹ́. Mo gbé ọmọ wá sí Akaka kí n lè wà lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n bá mi sọ kẹ́yìn, kì í ṣe ìsúre, wọ́n ti súre tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè ni. "Ṣé ẹ̀yìn ẹ̀ ló fi sùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé kò sí ìrọ̀rí?" Mo ní kò sí. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," wọ́n sì di ojú wọn.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni èyí tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ilé kún. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń kí wa kú ọ̀fọ̀, wọ́n ń jáde. Mo wà lórí ẹní ní pálọ̀, mi ò lè dìde nítorí ẹni tó ń kí mi ò tíì parí kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ọkọ mi kan tó ti Èkó wá ti gba Mórẹ́nikẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó padà wá, ọwọ́ ẹ̀ ṣófo.

Mo ní, "Àǹtí, ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti sùn, jàre. Mo tẹ́ ẹ sórí àwọn aṣọ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Mo dojú ẹ̀ dé, kíá ló sùn lọ. Ìwọ fi ara balẹ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ èèyàn, mo ta àwo nù, mi ò tọrọ àforíjì. Ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ṣùgbọ́n kò jìn tó báyìí rí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìyá ọmọ tó ti ibi epo bọ̀, tó wọlé, tó bá ọmọ ẹ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn. Àwọn aṣọ tí wọ́n kó jọ ti wà ní igun yàrá. Mórẹ́nikẹ́ wà lórí ẹní lásán, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, apá ẹ̀ méjèèjì nà sókè. Ìyá Elépo jókòó sílẹ̀ tì í, ọwọ́ wọn kan wà lórí ikùn ẹ̀.

Wọ́n ní, "Má pariwo, ó ń sùn. Obìnrin kan ló dojú ẹ̀ dé. Bó ṣe jáde ni mo yí i."

Mo jókòó tì wọ́n. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé. Ìyá Àgbà ló sọ fún yín, àbí?"

Wọ́n gbé ìka méjì lé ara wọn, wọ́n yí i padà. "Wọ́n fi èyí hàn mí nínú ilé ìdáná mi. Mo bi wọ́n pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi ti lọ tipẹ́. Wọ́n ní, 'Ṣólá ni. Mo rántí orúkọ ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó pa á, nọ́ọ̀sì náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń sọ pé ọwọ́ mi mọ́ látọjọ́ yìí, mi ò sì tún lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wá gbà padà lọ́wọ́ ẹ.'" Omi bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. "Abikú ni gbogbo wọn pè é. Wọ́n fi abẹ sàmì sí i lára kí wọ́n tó sin ín, kí n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó pe ọmọ mi ní orúkọ ẹ̀. Ìyá yín nìkan ni. Kí ni mo ní tí mo lè fún wọn? Mo bu epo."

Mo na ọwọ́ sábẹ́ imú ọmọ mi bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Ó ń mí," ni Ìyá Elépo wí. "Èmi náà ti ń gbé ìka síbẹ̀ látìgbà tí mo ti jókòó. Ojú ẹ ti pọ́n jù, dùbúlẹ̀. Mo wà níbí."

Mo nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mórẹ́nikẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń kíni ní pálọ̀, mo ń gbọ́ èémí ọmọ mi, ó yára, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Elépo ló jí mi, nígbà tí ọmọ ń ké fún ọyàn.